Àdàpọ̀ ìran nínú agbo màlúù ẹlẹ́ran: akọ wo ló yẹ ogójì abo Bunaji ní ẹ̀bá Òṣogbo?

Ọlọ́sìn Òṣogbo:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ọlọ́sìn tí ẹ wà níbí. Mo ní ogójì abo màlúù Bunaji, àwọn funfun oníké tí ìwo wọn gùn, lórí ilẹ̀ kan lọ́nà Ìlobùú. Mo gbin koríko sí apá kan ilẹ̀ náà, odò kékeré kan sì gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Àwọn alápatà ni mò ń tà fún, n kì í fún wàrà tà. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn akọ tí mo ń tà kì í sanra tó bí mo ṣe fẹ́ títí wọn yóò fi pé ọdún mẹ́ta, owó tí mo sì ná lé wọn lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó tí wọ́n ń mú wọlé dọ́gba.

Mo ti pinnu láti mú ìran mìíràn wọ inú agbo náà. Angus, màlúù ẹlẹ́ran dúdú tí orírun rẹ̀ jẹ́ Scotland, ni ọkàn mi fà sí, nítorí òkìkí ẹran rẹ̀ ti kan káàkiri ayé. Ẹnì kan gbà mí níyànjú pé kí n ra akọ rẹ̀, ẹlòmíràn ní kí n lo àtọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú sínú òtútù. Kí n tó náwó, mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Akọ wo ni kí n mú, báwo ni mo sì ṣe lè ṣètò rẹ̀ tí agbo náà kò fi ní di àmúlùmálà lẹ́yìn ọdún díẹ̀?

Ọmọ Ìwó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí a tó dé orí akọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn lórí nǹkan mẹ́ta. Nínú ogójì abo yẹn, mélòó ló bímọ lọ́dún tó kọjá? Mélòó nínú àwọn ọmọ náà ló yè títí ẹ fi já wọn lẹ́nu ọmú? Kí sì ni wọ́n ń jẹ láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, nígbà tí koríko ti gbẹ? Bí ó bá jẹ́ ebi ló ń jẹ́ kí àwọn akọ yín kéré, ìran ńlá tí ẹ fẹ́ mú wọlé yóò jẹun ju èyí tí ẹ ní lọ, ebi náà yóò sì tètè hàn lára rẹ̀.

Ọlọ́sìn Òṣogbo:

Àbúrò, ẹ ṣeun. Abo 26 ló bímọ, ọmọ 22 ló yè títí di ìgbà tí a já wọn lẹ́nu ọmú. N kò ní òṣùwọ̀n, ojú ni mo fi ń díwọ̀n wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń ra èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe gàrí, mo máa ń sá a gbẹ, mo sì máa ń fi eérí àgbàdo díẹ̀ kún un fún àwọn tí ó ń tọ́mọ.

Dókítà Ẹran:

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ti odò yẹn, nítorí inú igbó etí odò bẹ́ẹ̀ ni eṣinṣin tsetse máa ń fara pamọ́ sí ní agbègbè wa. Eṣinṣin yìí ló ń gbé kòkòrò trypanosome kiri. Bí kòkòrò náà bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ màlúù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa dín kù, ẹran náà yóò máa rù, oyún lè wálẹ̀, akọ pàápàá lè má lè fún abo lóyún mọ́. Gbogbo màlúù kọ́ ni ó ń bá jà bákan náà. Muturu, màlúù kúkúrú ilẹ̀ wa tí kò ní iké, àti N'Dama, tí orírun rẹ̀ jẹ́ òkè Fouta Djallon ní Guinea, lè gbé kòkòrò náà sára kí ẹ̀jẹ̀ wọn má sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Àwọn oníké kò ní agbára bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bunaji sàn díẹ̀ ju àwọn oníké yòókù lọ. Angus kò ní in rárá.

Ẹ wo akọ Angus kan tí a mú wá sí Òṣogbo. Awọ rẹ̀ dúdú, irun rẹ̀ kì, ilẹ̀ tútù ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Oòrùn ọ̀sán wa yóò mú kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ igi nígbà tí ó yẹ kí ó máa jẹun tàbí kí ó máa gun abo, ooru sì máa ń ba àtọ̀ akọ jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ó bá mú un. Eégbọn yóò bo ara rẹ̀. Eégbọn ńlá tí ara rẹ̀ ní àwọ̀ yẹn, Amblyomma, ló ń mú kí àrùn awọ tí àwọn Hausa ń pè ní kirchi burú sí i, awọ màlúù yóò máa ṣe èépá, yóò sì máa ṣí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe ra akọ Angus láàyè. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀jẹ̀ Angus dandan, ẹ lo àtọ̀ rẹ̀, kí ìyá ọmọ sì jẹ́ màlúù tí ilẹ̀ yìí ti mọ̀. Ọmọ tí ó jẹ́ ìdajì lè fara dà á bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ òkèèrè bá ti kọjá ìdajì, ìnáwó oògùn ni yóò máa pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Shika, lẹ́bàá Zaria, níbi tí wọ́n ti da Friesian, màlúù wàrà òkèèrè, pọ̀ mọ́ Bunaji fún wàrà: àwọn ọmọ ìdajì ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ Friesian ṣe ń pọ̀ sí i ni ìtọ́jú wọn ń le sí i.

Alápatà Ìgbọ̀nà:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjà, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Ojú la fi ń ra màlúù ní Kárà. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò wo ìdí, yóò wo ẹ̀yìn, yóò wo iké, yóò sì wo bí awọ ṣe nípọn tó, nítorí owó gidi wà nínú pọ̀nmọ́. Angus kò ní iké, ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ kì í sì í ní ìwo. Oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n rí lè kọ́kọ́ fi ojú kékeré wò ó. Ọ̀rá inú ẹran tí ó sọ ọ́ di olókìkí lókè òkun kò tíì di ohun tí àwọn oníbàárà mi ń san owó lé lórí. Ẹran tí kò le jù, tí kò sì yọ́ dànù nínú ọbẹ̀, ni wọ́n ń bi mí. Màlúù tí ó tètè tóbi ni kí ẹ mú wá fún wa, ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá pé ọdún méjì ààbọ̀ tí ìdí rẹ̀ sì kún, a ó ra á, a kò ní bèèrè ìran rẹ̀.

Olùkọ́ Ìsìn-Ẹran:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà àti Alápatà. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi tí ètò ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí akọ, nígbà tí abo jẹ́ ìpìlẹ̀.

Tí a bá da ìran méjì tí kò bá ara wọn tan pọ̀, àǹfààní méjì ni à ń wá. Èkíní ni pé ìwà rere ìran kan yóò dí àlàfo ti èkejì. Èkejì ni ohun tí n ó máa pè ní èrè àdàpọ̀: ọmọ máa ń ṣe dáadáa ju ìdajì-dìdajì àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ká sọ pé ọmọ ìran kan ń wọn kílò 100 nígbà tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú, tí ọmọ ìran kejì ń wọn 120. Ìdajì-dìdajì wọn jẹ́ 110. Bí àwọn ọmọ àdàpọ̀ bá wọn 117, kílò méje náà ni èrè àdàpọ̀. Bí àwọn ìran méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó ni èrè yìí ṣe ń pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí oníké àti aláìníké fi máa ń mú un wá ju oníké méjì lọ.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ dì mú, ẹ̀gbọ́n, ni ibi tí èrè náà ti ń jáde. Kò pọ̀ nínú bí ẹran ṣe dùn tàbí bí egungun ṣe tóbi. Ó pọ̀ nínú ọmọ bíbí, nínú yíyè ọmọ, àti nínú bí abo ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ní Nebraska ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí rẹ̀, abo tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀, tí ó sì ń tọ́ ọmọ àdàpọ̀, fi nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìwọ̀n ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú fún abo kọ̀ọ̀kan tí wọ́n mú sọ́dọ̀ akọ. Ju ìdajì èyí lọ ni ó wá láti ara ìyá, kì í ṣe láti ara ọmọ.

Ẹ wá wo agbo yín. Ọmọ 22 lára ogójì abo jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí akọ tuntun bá fi ìdá mẹ́wàá kún ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni rí ọmọ méjì lé díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ àti ìtọ́jú bá gbé ìdá 55 yẹn dé 70, ọmọ 28 ni ẹ ó ní, ìyẹn ọmọ mẹ́fà sí i. N kò sọ pé kí ẹ má da ìran pọ̀ o. Mo ń sọ pé ọmọ mẹ́fà yìí ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá, nítorí kò sí akọ kankan, ì báà ti òkè òkun wá, tí ó lè fún yín ní wọn nígbà tí ebi àti àìsàn bá ń lé abo yín sẹ́yìn.

Ará Gáà:

Mo kí yín, ọ̀gá mi. Inú gáà ni wọ́n bí mi sí, òótọ́ sì ni Olùkọ́ sọ. Abo tí egungun ìhà rẹ̀ bá yọ síta lẹ́yìn tí ó bímọ kì í tètè wá akọ. Bàbá wa kì í fún wàrà púpọ̀ lára abo tí ó bá rù, wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò tíì gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra abo Muturu, kí ẹ wá fi akọ oníké ńlá gùn ún, ẹ má gbà. Abo náà kéré, ọmọ lè há sí i nínú nígbà ìbímọ. Ẹ jẹ́ kí abo máa tóbi, kí akọ sì jẹ́ èyí tí ọmọ rẹ̀ kì í tóbi jù nígbà ìbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe mú ẹgbọrọ abo tí kò tíì bímọ rí sọ́dọ̀ akọ ìran ńlá.

Olùkọ́ Ìsìn-Ẹran:

Òótọ́ ni, àbúrò. Mo sì fi kún un pé ibi tí ìran kọ̀ọ̀kan dúró sí ní ìtumọ̀. Tí akọ bá jẹ́ oníké tí abo sì jẹ́ aláìníké, ọmọ máa ń wúwo nígbà ìbí, àwọn akọ pàápàá. Tí abo bá jẹ́ oníké, inú rẹ̀ máa ń fa ìwọ̀n ọmọ sẹ́yìn. Nítorí náà, àtọ̀ Angus lára abo Bunaji tí ó ti bímọ rí kò léwu tó bí àwọn kan ṣe rò.

Ọlọ́sìn Òṣogbo:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ ti là mí lójú lórí ọ̀rọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n bí abo àdàpọ̀ bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí n kò fi ní da gbogbo ogójì pọ̀, kí n pa àwọn ọmọbìnrin wọn mọ́, kí n sì fi akọ tí ó wá láti inú wọn gùn wọ́n?

Olùkọ́ Ìsìn-Ẹran:

Ibi tí ọ̀pọ̀ agbo ti ń dàrú gan-an nìyẹn. Tí ẹ bá fi akọ àkọ́dàpọ̀, ìyẹn ọmọ tí ìran méjì kọ́kọ́ bí, gun abo àkọ́dàpọ̀, ìdajì èrè àdàpọ̀ yóò lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ yóò sì yàtọ̀ síra débi pé ọ̀kan yóò tóbi, èkejì yóò kéré, ẹ kò sì ní mọ èyí tí ẹ ó mú. Ìran tuntun tí ó dúró ṣinṣin ṣeé dá sílẹ̀ lóòótọ́. Bonsmara ti Gúúsù Áfíríkà jẹ́ àpẹẹrẹ, tí ó jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ Afrikaner, màlúù ìbílẹ̀ ibẹ̀, tí ìyókù sì jẹ́ Hereford àti Shorthorn, àwọn màlúù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ibùdó ìwádìí ìjọba ni Jan Bonsma ti ṣe é láti ọdún 1937, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ màlúù àti ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ láìdáwọ́dúró. Ogójì abo kò tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló kù. Ọ̀kan ni pípààrọ̀ akọ: ọmọbìnrin akọ ìran kìíní ń lọ sọ́dọ̀ akọ ìran kejì, ọmọbìnrin ti èkejì ń padà sọ́dọ̀ akọ ìran kìíní. Ó máa ń pa nǹkan bí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún èrè àdàpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n akọ méjì, ọgbà méjì àti àkọsílẹ̀ tí kò gbọdọ̀ ṣì ni ó ń béèrè. Ọ̀nà kejì ni pípín agbo sí méjì: apá kan fún bíbí abo arọ́pò, apá kejì fún ọmọ tí gbogbo wọn ń lọ sọ́jà, akọ àti abo. Èyí ni mo fẹ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní abo mẹ́fà ni ẹ ń pààrọ̀ lọ́dọọdún nítorí ọjọ́ orí tàbí àìbímọ. Tí ẹ bá ya 20 tí ó dára jù sọ́tọ̀ fún akọ Bunaji, tí ọmọ 14 sì yè, abo méje ni ẹ retí, wọ́n sì tó. Pẹ̀lú ìdá 55 ti ìsinsìnyí, ọmọ 11 ni ẹ ó rí, abo bíi márùn-ún, kò tó. Ẹ rí i pé ìdá ìbímọ ló ń pinnu iye abo tí ẹ lè fi sílẹ̀ fún àdàpọ̀. Kí akọ Bunaji náà sì wá láti agbo mìíràn, kí ó má sì pẹ́ débi tí yóò fi máa gun àwọn ọmọbìnrin rẹ̀.

Dókítà Ẹran:

Mo gba ètò náà, àyàfi apá kan. Bí ó bá jẹ́ èmi, N'Dama ni n ó fi ṣe akọ fún apá arọ́pò, kì í ṣe Bunaji. Ọmọbìnrin N'Dama àti Bunaji yóò ní díẹ̀ nínú agbára ìjà sí trypanosome, yóò sì jẹ́ abo àdàpọ̀ tí Olùkọ́ fúnra rẹ̀ yìn. Kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ wa: wọ́n ti sin N'Dama ní oko ìjọba ní Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́, Keteku tí àwọn àgbà mọ̀ sì jẹ́ àdàpọ̀ Muturu àti oníké.

Ọmọ Ìwó:

Dókítà, ẹ má bínú, N'Dama kéré. Àwọn tí ó ń ra màlúù lọ́wọ́ mi kò ní wo agbára inú ẹ̀jẹ̀, ara ni wọn yóò wò. Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ ẹran tí ó tóbi, a sì fẹ́ fún un ní ìyá kékeré?

Olùkọ́ Ìsìn-Ẹran:

Ẹ̀yin méjèèjì ni ó ní òótọ́ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn màlúù náà ni yóò sì dá ẹjọ́ yìí. Kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ogójì wò, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí kòkòrò náà bá wà lára ọ̀pọ̀ wọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì lọ sílẹ̀, mo fara mọ́ N'Dama fún apá arọ́pò láìjiyàn, nítorí ìyá kékeré tí ó ń bímọ lọ́dọọdún sàn ju ìyá ńlá tí ó ń ṣàìsàn. Tí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni, kí ó dúró lórí Bunaji, kí ó gé igbó etí odò sẹ́yìn, kí ó sì gbẹ́ kànga kí àwọn ẹran má baà máa mumi níbi tí eṣinṣin wà.

Dókítà Ẹran:

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nípa àtọ̀ Angus fún apá ọjà: àbò àtọ̀ ni ìṣòro àkọ́kọ́, nítorí inú náítírójìn olómi tí ó tutù dé ìwọ̀n −196 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó gbọdọ̀ wà títí di ìgbà tí a ó lò ó. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi ìpele náítírójìn inú àgbá rẹ̀ hàn yín, ẹ má rà á. Ìṣòro kejì ni pé àkókò tí oníké fi ń wá akọ kúrú, òru ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí, nítorí náà a máa ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ prostaglandin lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àlàfo ọjọ́ 11, kí wọ́n lè wá akọ nígbà kan náà. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: abẹ́rẹ́ yìí ń ba oyún jẹ́. Kò sí abo tí ó yẹ kí ó gbà á láìjẹ́ pé dókítà ti ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ nídìí tí ó sì rí i pé kò lóyún. Ó sì wúlò fún kìkì abo tí ó ti ń wá akọ fúnra rẹ̀. Ti abo tí ó rù, owó dànù ni.

Kí akọ tuntun kankan tó wọ inú agbo, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún oṣù kan, kí a yẹ̀ ẹ́ wò fún brucellosis àti ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù. Brucellosis máa ń mú kí oyún wálẹ̀, ó sì máa ń ran ènìyàn nípasẹ̀ wàrà tí a kò sè.

Ọlọ́sìn Òṣogbo:

Mo ti rí ọ̀nà báyìí. N ó ra òṣùwọ̀n kí n tó ra akọ. N ó pe dókítà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oyún, n ó sì tọ́jú èèpo ẹ̀gẹ́ púpọ̀ sí i pẹ̀lú èkùrọ́ tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tán àti iyọ̀ lílá fún ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀. Àwọn 20 tí ó ń bímọ déédéé ni n ó yà fún arọ́pò. Nínú 20 yòókù, àwọn tí ara wọn le nìkan ni yóò gba àtọ̀ Angus. Akọ Sokoto Gudali, màlúù oníké ti apá àríwá ilẹ̀ wa, ni n ó fi gun àwọn tí kò bá gbà á, nítorí ọjà ni gbogbo ọmọ wọn ń lọ. Ìbéèrè méjì ló kù. Oṣù wo ni kí gígùn bẹ̀rẹ̀, báwo ni n ó sì ṣe mọ ọmọ Angus yàtọ̀ sí ti Gudali?

Ará Gáà:

Oṣù Keje, ọ̀gá mi, títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án. Koríko ti kún inú wọn nígbà yẹn. Oyún oṣù mẹ́sàn-án àti díẹ̀ yóò mú ìbímọ bọ́ sí oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, nígbà tí koríko tuntun ti yọ, ìyá yóò sì ní wàrà. Ẹ ṣe ibùsùn gbígbẹ fún àwọn ọmọ, nítorí ẹrẹ̀ àti òjò máa ń pa wọ́n. Lẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án, ẹ mú akọ kúrò láàárín wọn.

Dókítà Ẹran:

Lẹ́yìn tí a bá ti fi àtọ̀ sí wọn, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó mú akọ Gudali wọ àárín wọn. Ọjọ́ ìbí yóò sọ bàbá fún yín, àwọ̀ dúdú àti àìníwo yóò sì jẹ́rìí sí i. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá ti wáyé gan-an ni kí ẹ fi nọ́ńbà sí etí rẹ̀: etí ọ̀tún fún apá arọ́pò, etí òsì fún apá ọjà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìyá, ọjọ́ ìbí àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé kan náà. Ọmọ Angus kò gbọdọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò, kódà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹ kàn sí mi kí oṣù Karùn-ún tó parí, kí èsì àyẹ̀wò oyún lè jáde kí a tó fún ẹnikẹ́ni nínú wọn ní abẹ́rẹ́.